Àwòrán Odó Tí Àlàájì Kọ̀

Bàbá mi, Àtíìsì gbogbo Arámọkọ,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Èmi ọmọ yín obìnrin, àbíkẹ́yìn yín, ni mò ń kọ̀wé, èyí tí ẹ sọ ní Oníbéèrè nítorí pé ẹnu mi kì í dákẹ́.

Mi ò ní fi ìkíni gígùn dá yín dúró, ẹ̀yin náà kì í fẹ́ ẹ. Ohun tó gbé mi dé ìdí ìwé yìí ni pé mò ń jowú. Mò ń jowú tó bẹ́ẹ̀ tí oúnjẹ kì í lọ lọ́nà ọ̀fun mi dáadáa. Àwọn bàbá kan tí wọ́n ti kú ní ilẹ̀ Póláńdì ni mò ń jowú, àwọn àti ọmọ wọn, mo sì tún ń jowú Bọ̀dá Délé, ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ìyá mi. Bí mo bá sọ fún Màámi, wọn á ní kí n lọ gbàdúrà. Ẹ̀yin nìkan ló kù tí mo lè sọ fún.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ fún yín ní ìròyìn ilé. Màámi wà láàyè, ara wọn sì le, àfi orúnkún tó máa ń dùn wọ́n nígbà òjò. Wọ́n ṣì ń sin ewúrẹ́, wọ́n sì ń bá wọn sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń bá ayálégbé jà. Bọ̀dá Délé ti fi iṣẹ́ ọ̀dà sílẹ̀ pátápátá, takisí ló ń wà láàárín Arámọkọ àti Adó. Èmi ti ṣí ṣọ́ọ̀bù sí ẹ̀gbẹ́ gáréèjì. Ẹ má bínú sí ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀: flẹ́ẹ̀sì ni. Mò ń fi kọ̀ǹpútà ṣe àwòrán ìsìnkú, ti ìgbéyàwó, ti ìsọjí, àti ojú àwọn olóṣèlú tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí wa, a ó wá tẹ̀ ẹ́ sórí ọ̀rá tó nípọn. Mo rántí ọjọ́ tí flẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ dé ìlú yìí. Ẹ dúró níwájú rẹ̀, ẹ fi ìka kàn án, ẹ sì nu ìka náà sára ṣòkòtò bí ẹni tó fọwọ́ kan ilá. Láti ìgbà náà ni àwọn tó ń gbé pákó wá fún yín ti ń dín kù, títí ọ̀dà fi gbẹ mọ́ inú agolo. Ohun tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ bàbá ló wá ń bọ́ ọmọ. Ṣé ẹ̀ ń bínú sí mi?

Àwọn ọ̀dọ́ ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Ìkòrò ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ya fíìmù, wọ́n wá ní kí n bá àwọn ṣe pósítà rẹ̀. Bí ẹ bá gbọ́ ohun tí wọ́n fẹ́, ẹ ó rẹ́rìn-ín. Ojú gbogbo òṣèré gbọ́dọ̀ hàn, ojú pásítọ̀ tó yá wọn ní jẹnẹrétọ̀ náà kò gbọdọ̀ gbẹ́yìn, kí iná máa jó lẹ́yìn wọn, kí mànàmáná máa kọ lókè. Mo ní mo ti gbọ́. Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo ní kí n wo bí àwọn ẹlòmíì ṣe ń ṣe pósítà sinimá, bóyá màá rí nǹkan jí. Ibi tí mo ti ń tẹ ibí tẹ ọ̀hún ni mo já sí ilé ìpamọ́ kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, níbi tí àwọn ará Póláńdì kó pósítà sinimá àtijọ́ wọn sí.

Bàámi, ẹ fọkàn bá mi wọ ibẹ̀. Kò sí ilẹ̀kùn, kò sí ẹni tó máa bi yín pé ta lẹ wá rí. Ẹ kàn máa tẹ àwòrán kan, á sì kún ojú kọ̀ǹpútà. Ẹja kan wọ kóòtù, ó so táì. Bàtà kan hu ewé. Obìnrin kan wà tí irun orí rẹ̀ di ọ̀nà tó ń gun òkè, ọkùnrin kékeré kan sì ń ti kẹ̀kẹ́ lórí ọ̀nà náà. Lórí ọ̀kan, àga lásán ni wọ́n yà, àmọ́ òjìji àga náà nílẹ̀ jẹ́ òjìji èèyàn. Fíìmù ìpànìyàn ni. Kò sí ọ̀bẹ níbẹ̀, kò sí ẹ̀jẹ̀, síbẹ̀ ara mi bù máṣọ. Ọwọ́ ni wọ́n sì fi yà wọ́n. Bí mo bá fẹ̀ ẹ́ lójú kọ̀ǹpútà, mò ń rí ipa ibi tí irun búrọ́ọ̀ṣì gbà kọjá, mò ń rí ibi tí ọ̀dà ti ṣàn díẹ̀ tí ẹni tó ń kùn ún kò sì nù ún. Mo wò ó títí àwọn oníbàárà mi fi bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé.

Lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọ́n kọ orúkọ ẹni tó yà á. Orúkọ wọn le ju òkúta Ẹ̀fọ̀n lọ, ahọ́n mi kò lè gbé e, àmọ́ ó wà níbẹ̀, gbangba. Wọ́n kọ ọdún tó yà á. Wọ́n kọ ìbú rẹ̀ àti òró rẹ̀. Wọ́n tún kọ ọ́ síbẹ̀ pé igun kan lára rẹ̀ ti ya díẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni owú ti gbé mi. Ẹnì kan jókòó níbì kan, ó fara balẹ̀, ó wo igun bébà, ó rí i pé ó ya, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ nítorí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ta ló kọ tiyín sílẹ̀? Bí wọ́n bá ní kí èmi tí mo jẹ́ ọmọ bíbí inú yín mú ẹyọ iṣẹ́ kan wá tí bàbá mi ṣe, kí ni màá mú wá? Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ro ti ọmọbìnrin kan lọ́hùn-ún, ẹgbẹ́ mi, tó lè tẹ orúkọ bàbá rẹ̀ kí gbogbo iṣẹ́ ọwọ́ bàbá náà tò síwájú rẹ̀ bí ọmọ ilé-ìwé lórí ìlà. Mi ò mọ̀ ọ́n rí, mi ò sì fẹ́ràn rẹ̀.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ohun tí mo kà lẹ́yìn náà. Wọ́n ní láyé ìgbà yẹn, ìjọba ló ń gbé iṣẹ́ fún àwọn àtíìsì ibẹ̀, kò sì sí olówó sinimá tó máa dúró lé wọn lórí pé ojú òṣèré dà. Ohun tí fíìmù bá sọ fún ọkàn wọn ni wọ́n ń yà. Gbogbo ayé sì ń pọ́n wọn lé nítorí rẹ̀ títí dòní. Bàámi, ṣé ohun tí wọ́n fi yín ṣẹ̀sín lé lórí ní Ìjerò kọ́ nìyẹn?

Ẹ kò lè gbàgbé Àlàájì onífídíò, ará Ìkìrun tó wá fìdí kalẹ̀ sí Ìjerò, tí wọ́n kọ́kọ́ ń ta kásẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n wá ṣí ilé fídíò tí àwọn ọmọ Odò-Ọwá pàápàá ń fẹsẹ̀ rìn wá. Pákó tí wọ́n ní kò pọ̀. Bí fíìmù kan bá ti kúrò, ẹ ó fi sáńpépà ha pákó náà, ẹ ó fi ọ̀dà funfun bò ó, ẹ ó sì ya tuntun lé e. Èyí tó ń bọ̀ ló ń pa èyí tó ti wà. Ẹ kì í kọ orúkọ yín sí ìkankan. Ẹ ní ìgbà wo lẹ máa kọ ọ́ tán kí wọ́n tó ní kí ẹ pa á rẹ́. Ẹ kì í sì í ráyè wo fíìmù náà tẹ́lẹ̀. Àlàájì á sọ ìtàn rẹ̀ fún yín lórí ìdúró níwájú ilé, ẹ ó sì dijú.

Nígbà tí wọ́n sọ ti fíìmù orogún méjì fún yín, ó jọ pé ẹ dijú pẹ́. Ẹ̀yìnkùlé wa lẹ ti yà á, ẹ̀ ń súfèé orin ìjọsìn, ẹ̀ ń nu búrọ́ọ̀ṣì sí apá òsì ẹ̀wù yín bí ẹ ṣe máa ń ṣe, tí Màámi sì ń kígbe pé kò sí ọṣẹ tó lè bọ́ ọ. Odó kan ló wà láàárín pákó, odó Màámi gan-an, mo dá ibi tó sán lára mọ̀. Ọmọ odó méjì wà lókè rẹ̀, ọ̀kan ń lọ sókè, ọ̀kan ń bọ̀ nílẹ̀, kò sì sí ọwọ́ tó dì wọ́n mú. Kò sí iṣu nínú odó yẹn. Ilé kékeré kan ló wà níbẹ̀, ilé onípáànù, iná tàn ní ojú fèrèsé rẹ̀ kan. Mo bi yín pé ta ló wà nínú ilé náà. Ẹ ní kí n lọ bu omi wá.

Kò tíì pẹ́ tí wọ́n gbé e dúró níwájú ilé fídíò tí awakọ̀ akẹ́rù kan fi dúró, ó wọlé, ó jókòó, ó ní kí wọ́n bu iyán wá, kí ọbẹ̀ rẹ̀ má ṣe ṣàn. Ní Èkìtì yìí! Ẹni tó bá ya odó síwájú ilé, kí ló tún lè máa tà? Bí ó ṣe ń lọ ni àwọn tíṣà kan dé, wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá ẹran ìgbẹ́ wà. Àlàájì fẹ́rẹ̀ẹ́ ya wèrè. Wọ́n ní, "Àtíìsì, ṣé búkà ni mo ní kí ẹ ṣí fún mi ni? Obìnrin dà? Ọ̀bẹ dà? Ẹ̀jẹ̀ dà?" Wọ́n ní kí ẹ gbé pákó orí burúkú yẹn kúrò níwájú ilé àwọn. Ẹ lọ ya obìnrin méjì tó ń fa ara wọn nírun sórí pákó mìíràn, ẹ sì gbé odó bọ̀ wálé lórí ọ̀kadà, Bọ̀dá Délé ló dì í mú lẹ́yìn yín tí afẹ́fẹ́ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé yín ṣánlẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Bọ̀dá Délé ló sọ gbogbo rẹ̀ fún wa nílé. Ó sọ ọ́ títí ikùn fi ń dun Màámi fún ẹ̀rín. Ẹ̀yin kò rẹ́rìn-ín. Ẹ kọjú odó sí ògiri lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá yín, ẹ lọ wẹ̀.

Bọ̀dá Délé lẹ máa ń mú dání. Ẹ jẹ́ kí n dúró síbẹ̀ yẹn díẹ̀. Èmi ni mo fẹ́ràn ọ̀dà, òun fẹ́ràn mọ́tò, ẹ sì mọ̀. Èmi ni mò ń fi èédú ya ẹṣin sára ògiri ilé ìdáná. Ṣùgbọ́n òun lẹ fún ní búrọ́ọ̀ṣì. Èmi ń pọn omi, mò ń fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì tí òun lò. Ẹ ní obìnrin kì í gun àkàbà. Mo ti wá ka orúkọ àwọn àtíìsì Póláńdì wọ̀nyẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ṣèwádìí wọn, obìnrin wà láàárín wọn dáadáa. Ta ló di àkàbà mú fún àwọn yẹn?

Mo tiẹ̀ jowú kóńkó tí ẹ sọ Bọ̀dá Délé. Ṣé ẹ rántí ìgbà tó fi ọ̀dà olómi kun orí pákó tí wọ́n ti fi ọ̀dà elépo yàwòrán sí, tí kò kọ́kọ́ fi sáńpépà ha á? Nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, gbogbo ọ̀dà funfun náà ti ṣí bí èèpo iṣu sísè. Ẹ sọ ọ́ ní kóńkó, ó dún. Ẹ ní ọ̀dà olómi kì í bá ọ̀dà elépo ṣọ̀rẹ́ bí sáńpépà kò bá là wọ́n. Láti ọjọ́ náà, kó tó ṣí agolo, ẹ ó ní kó kà á, á sì kà á bí àkọ́sórí Sọ́ńdè Sukúù. Èmi náà há a sórí níbi tí mo ti ń fọ búrọ́ọ̀ṣì. Ẹnikẹ́ni kò ní kí n kà á.

Nítorí náà, nígbà tí owú yìí kò jẹ́ kí n gbádùn, mo ní èmi náà máa wá iṣẹ́ bàbá mi rí. Ẹyọ kan péré ni mo fẹ́. Odó ni mo fẹ́. Mo gun ọ̀kadà lọ sí Ìjerò. Ilé fídíò ti di ibi tí wọ́n ti ń ta ajílẹ̀ àti oògùn kòkó, Àlàájì sì jókòó níwájú rẹ̀, irùngbọ̀n wọn ti funfun báláú. Mo kúnlẹ̀, mo sọ ẹni tí mo jẹ́. "Ọmọ Àtíìsì!" Wọ́n di ọwọ́ mi mú, wọn ò fi í sílẹ̀. Wọ́n ní pákó àwọn ti jẹrà tipẹ́, àti pé odó yẹn kò padà sọ́dọ̀ àwọn láti ọjọ́ tí ẹ ti gbé e lọ. Mo ti ń dìde nígbà tí wọ́n ní, "Gbogbo èyí tí mo gbà lọ́wọ́ bàbá ẹ, mi ò rántí ẹyọ kan. Odó tí mo kọ̀ yẹn, mo ṣì máa ń lálàá ẹ̀." Inú bí mi sí wọn gan-an. Ṣé èmi ló yẹ kí wọ́n máa sọ ìyẹn fún? Ṣé wọ́n sọ ọ́ fún yín rí?

Mo délé, mo bi Màámi.

"Pákó wo? Èyí tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn bàbá yín? Délé ló fi ṣe sáìnbọ́ọ̀dù ìsìnkú ùn. Ó wà lọ́gbà ewúrẹ́."

Bàámi, mo rántí sáìnbọ́ọ̀dù ìsìnkú yín yẹn. Oríta ló dúró sí, funfun nini, ọfà pupa kan lókè tó júwe ọ̀nà ulé wa, bí Màámi ṣe máa ń pè é, orúkọ yín sì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú lẹ́tà dúdú ńláńlá. Àwọn àlejò láti Ẹ̀fọ̀n àti Adó ń wò ó, wọ́n ń yà. Mo fara ti pákó náà lọ́jọ́ yẹn. Mi ò mọ̀ pé odó ni mo fara tì.

Ẹ wo ìwà Bọ̀dá Délé! Ẹni tí ẹ kọ́, ẹni tí ẹ mú dání! Iṣẹ́ yín kan ṣoṣo tó kù láyé, ó fi ọ̀dà funfun pa á, kó lè fi júwe ọ̀nà ibojì yín fún àwọn tó ń bọ̀ wá jẹun. Ní Póláńdì, igun bébà ya, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ní Arámọkọ, ọmọ pa iṣẹ́ bàbá rẹ̀ rẹ́, ẹnikẹ́ni kò sì pariwo. Mi ò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi, mo ní ọwọ́ mi dí. Ó gbé búrẹ́dì sílẹ̀ fún mi lórí káńtà, mo gbé e fún obìnrin tó ń ta káàdì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mi ò lọ wo pákó náà lọ́gbà ewúrẹ́. Kí ni mo fẹ́ wò? Kí n lọ máa wo ọ̀dà funfun?

Àfi ìgbà tí òjò ńlá kan rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ewúrẹ́ Màámi já, wọ́n sì ní kí n wá bá àwọn tún ọgbà ṣe. Pákó yẹn ni wọ́n fi dí ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Bí mo ṣe ń gbé e, Màámi dúró lé mi lórí, wọ́n ní ó ti ń ṣe àwọn bíi pé kí àwọn fi dáná tipẹ́. "Àmọ́ orúkọ bàbá yín wà lára ẹ̀. Ta ló lè dáná sun orúkọ ọkọ ẹ̀?" Mo ti rí nǹkan. Ọfà pupa ti bọ́ lọ. Ọ̀dà funfun ti ń ṣí létí, ewúrẹ́ sì ti ń fara ha á. Níbi tó ti ṣí, iná kan ń tàn, pupa rẹ́súrẹ́sú. Iná ojú fèrèsé ni.

Mo fi èékánná gbé etí ọ̀dà náà. Ó tẹ̀ lé ọwọ́ mi bí èèpo iṣu sísè. Orí ọmọ odó kan yọ. Mo tún fà á, páànù ilé kékeré náà yọ. Mo jókòó sórí ìgbẹ́ ewúrẹ́ pẹ̀lú aṣọ tí mo wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mò ń bó o, mò ń sunkún, ewúrẹ́ ń wò mí. Lẹ́yìn náà ni ọwọ́ mi dúró. Ọ̀dà olómi lórí ọ̀dà elépo. Ẹni tó kùn ún kò fi sáńpépà ha á rárá. Bọ̀dá Délé, tí ẹ sọ ní kóńkó títí ó fi di àkọ́sórí, ṣé òun ló lè gbàgbé ìyẹn?

Mo pè é. Ó ń wakọ̀ lọ sí Adó, mò ń gbọ́ ariwo èrò lẹ́yìn rẹ̀. Mi ò kí i.

"Bọ̀dá, pákó ìsìnkú Bàámi. Ẹ ò ha á."

Mo gbọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń dín eré kù.

"Ṣé o wá rò pé mo gbàgbé ni?"

Ó páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, àwọn èrò ń kùn, ó sì sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí wọ́n ń mọ ibojì yín, àwọn bíríkìlà ń wá pákó tí wọ́n máa po sìmẹ́ńtì lé. Àbúrò yín, Bàbá Ìlọrò, ti gbé odó jáde láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ti ń nà án sí wọn, wọ́n ní àwòrán lásán ni, kò ṣe ẹnikẹ́ni ní oore. Bọ̀dá Délé mọ̀ pé bí òun bá jà nítorí àwòrán láàárín ọ̀fọ̀, wọ́n á ní ìbànújẹ́ ti gba orí òun. Ó ní rárá, sáìnbọ́ọ̀dù lòun fẹ́ fi kọ. Ó kùn ún ní ọ̀dà olómi láìha á, ó fi orúkọ yín sí i. Ó mọ̀ pé kò sí ọmọ Èkìtì tó máa po sìmẹ́ńtì lórí orúkọ òkú, kò sì sẹ́ni tó máa fi dáná.

"Orúkọ wọn ni mo fi bo uṣẹ́ wọn," ló wí.

Mo ní kí ló dé tí kò sọ fún mi láti ọjọ́ yìí wá. Ó ní, "Ùwọ Oníbéèrè, ṣé o bi mí ni?"

Bàámi, ẹ má rò pé owú mi ti tán. Ó kàn ṣípò ni. Mò ń jowú Bọ̀dá Délé ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Èmi tí mò ń pe ara mi lẹ́ni tó fẹ́ràn ọ̀dà, àfìgbà tí àwọn ará Póláńdì sọ fún mi ni mo tó mọ ohun tí odó yẹn jẹ́. Òun tí ọkàn rẹ̀ wà lọ́dọ̀ mọ́tò ti mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tí omijé ń dà lójú rẹ̀. Ó dùn mí. Ó dùn mọ́ mi náà. Mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì.

A jọ bó o ní ọ̀sán Sọ́ńdè, lẹ́yìn ìsìn. Ó di pákó mú, ó ní èmi ni kí n bó o nítorí ọwọ́ mi fẹ́lẹ́. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tó dì í mú fún mi. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, níbi tó kọ orúkọ yín sí, mo dáwọ́ dúró. Mo wo ojú rẹ̀, ó wo ojú mi. Mo fi ibẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìgbà kan ṣoṣo tí orúkọ yín wà lára pákó, ẹ̀yin ti kú. Mo fi fáníìṣì bo gbogbo rẹ̀, odó àti orúkọ, kó má baà tún bọ́. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo sì kọ sábẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Póláńdì: orúkọ yín, Arámọkọ-Èkìtì, ọ̀dà elépo lórí pákó, a kò mọ ọdún rẹ̀, ewúrẹ́ jẹ igun òsì rẹ̀ díẹ̀.

Àwọn ọmọ Ìkòrò ti gba pósítà wọn pẹ̀lú iná, mànàmáná àti pásítọ̀. Inú wọn dùn. Odó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù mi báyìí, lábẹ́ páànù, níbi tí òjò kò lè dé.

Lánàá, ọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà, ó wọlé, ó fa àga, ó jókòó, ó ní kí n bá òun bu iyán méjì. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, kò síyán. Uṣẹ́ bàbá mi ni." Ó jáde lọ wò ó. Ó pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tó padà wọlé, ó bi mí pé ta ló wà nínú ilé kékeré yẹn.

Bàámi, bí ẹ bá pàdé àwọn bàbá Póláńdì wọ̀nyẹn lọ́hùn-ún, ẹ bá mi kí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé iṣẹ́ wọn dára, mo sì ti jowú wọn tó. Lẹ́yìn náà, kí ẹ wá bi wọ́n bóyá ẹnì kan ti wo pósítà wọn rí, tó wọlé, tó jókòó, tó ń retí oúnjẹ.

Èmi ni,
Oníbéèrè yín, tó ń fọ búrọ́ọ̀ṣì.